Nígbà tí Ọmọ Bá Wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Ní ọdọọdún, bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ní Festac Town yóò rí ohun tí ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, tí ó sì tún ń ṣe ènìyàn láàánú. Àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá àti mọ́kànlá ni yóò rí tí wọ́n ń tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun ni wọ́n wọ̀, aṣọ náà sì fẹ̀ lára wọn nítorí pé àwọn ìyá wọn rà á kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ di ọdún mẹ́ta. Àpò ìwé tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju àwọn tìkára wọn lọ. Ní oṣù keje tí ó kọjá, àwọn wọ̀nyí ni àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ni ó ń lu agogo, àwọn ni ó ń to àwọn ọmọ kéékèèké sórí ìlà, àwọn ni olùkọ́ ń rán níṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n tún di ọmọ ẹ̀yìn.

Gbogbo wa ni a mọ bí àwọn òbí ti ń ṣe làálàá nítorí ìdánwò àṣewọlé. Wọn a gba olùkọ́ sí ilé, wọn a gba ààwẹ̀, wọn a ra ìwé ìdánwò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bí ọmọ bá wá yege, a ó se ìrẹsì, a ó pa adìẹ, a ó ra bàtà dúdú àti ìbọ̀sẹ̀ funfun. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ òbí yóò gbọn ọwọ́ nù, tí wọn yóò sì wí pé, "Ó ti wọ girama, ó ti dàgbà, kí ó lọ máa tọ́jú ara rẹ̀." Lójú tèmi, ọjọ́ tí ọmọ wọ girama gan-an ni iṣẹ́ òbí di ìlọ́po méjì, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu mi.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà pẹ̀lú ọmọ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ìṣirò, òun ni. Gẹ̀ẹ́sì, òun ni. Orin, òun náà ni. Kí ọdún tó yí po, olùkọ́ náà yóò ti mọ ọmọ tinú-tẹ̀yìn. Olùkọ́ tí ó kọ́ àbúrò mi ní kíláàsì kẹfà mọ̀ pé bí ó bá ti ń jẹ ìdí bírò, ìṣirò ti há a lọ́fun nìyẹn. Obìnrin náà yóò rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì tún un ṣe fún un láìjẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Ní girama, olùkọ́ kan wọlé, ó kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀, agogo lù, ó jáde, òmíràn wọlé. Iṣẹ́ tí ọmọ yóò kọ́ lè tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, olúkúlùkù iṣẹ́ sì ní olùkọ́ tirẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò tí ó wà níwájú rẹ̀ yìí tún ń lọ sí kíláàsì mẹ́rin tàbí márùn-ún mìíràn. Báwo ni yóò ṣe mọ ọmọ tí ń jẹ ìdí bírò? Bí ó ti rí nìyí: ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó mọ ọmọ náà. Bí ilé kò bá wá gba iṣẹ́ mímọ ọmọ yìí ṣe, ọmọ lè sọnù láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọ̀sán gangan.

Èmi kò fi èyí bú olùkọ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò. Ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa ni CMS Grammar School tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ọmọ mẹ́fà péré ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mẹ́fà! Bí ọ̀kan nínú wọn bá fajú ro ní òwúrọ̀, ọ̀gá yóò ti rí i kí oòrùn tó ràn. Ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà Èkó láti ọdún 1979 títí di 1983, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ iyàrá ìkàwé, kí ó má baà jẹ́ pé àwọn kan ń lọ ní òwúrọ̀ tí àwọn kan ń lọ ní ọ̀sán mọ́. Ohun rere ńlá ni èyí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì bá tí rí ẹsẹ̀ gbé dé ibi tí a dé bí kò bá sí i. Ilẹ̀kùn ṣí, èrò sì wọlé. Ṣùgbọ́n ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ojú olùkọ́ kan kò lè tó gbogbo wọn.

Àbúrò mi tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ọmọ tí ó máa ń ṣe ipò kẹta, nígbà mìíràn ipò kejì, ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó wọ̀ kò jìnnà sí ilé wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tí ó bá a lọ síbẹ̀. Nígbà tí ìwé àbájáde sáà kìn-ín-ní dé, ipò kọkànlélọ́gbọ̀n ni ó ṣe. Ilé wa dàrú. Bàbá wa jẹ́ awakọ̀ àjàgbé tí ń kó ẹrù láti Àpápá lọ sí òkè ọya, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó fi ojú kàn án. Orí fóònù ni ó ti gbọ́, ó sì ní kí ọmọ náà padà lọ tún kíláàsì kẹfà kà. Ìyá wa, tí ń ta gàrí àti ẹ̀wà ní ọjà Agboju, wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun yóò mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń sùn sí, níbi tí wọn yóò ti fi okùn mú un. Owó tí ó ń kó jọ láti fi kún ọjà rẹ̀ ni yóò fi san án. Owó ọdún méjì ni owó náà. Bí ó bá ná an, orí àtẹ ni yóò máa wà títí, kò ní gba ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Mo bẹ ìyá wa. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ìwé rẹ̀ ná."

Ó ní, "Kí lo fẹ́ wò níbẹ̀? Ọmọ náà ti ya ọ̀lẹ."

Ṣùgbọ́n ó gbà fún mi. Mo tú àwọn ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀ lórí ibùsùn, mo sì rí ohun tí ó yà mí lẹ́nu. Kò sí ìwé kan nínú wọn tí ó pé. Gbólóhùn yóò bẹ̀rẹ̀ dáadáa, yóò sì gé sí àárín. Lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo; lẹ́yìn àlàfo, àkòrí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo pè é, mo sì bi í léèrè.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, kí n tó kọ ọ́ tán ni wọ́n máa ń pa á rẹ́."

"Kí ló dé tí o kò yá ìwé ẹlòmíràn?"

Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀dọ̀ ta ni kí n ti yá a?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ. Ọmọ tí a pè ní ọ̀lẹ kò yára kọ̀wé tó ti ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò sì ní ọ̀rẹ́. Bí a bá mú un lọ tún kíláàsì kẹfà kà, ìtìjú ni yóò kó lọ síbẹ̀. Bí a bá sì gbé e lọ sí ibi tí ó jìnnà, kò ní rí ọ̀rẹ́ lójú ọ̀nà. Igi tí ó wó lu ènìyàn ni a kọ́kọ́ ń gbé kúrò kí a tó máa wá oògùn.

Ohun mẹ́ta ni a ṣe, mo sì fẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé kò sí ilé tí kò lè ṣe wọ́n, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ tálákà.

Èkínní ni ètò. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ ni ó ń rántí fún ọmọ. Ní girama, ọmọ ni ó gbọ́dọ̀ rántí fún ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń rántí. A kọ àtẹ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí orí páálí, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí ó ń sùn. Lálẹ́, kí ó tó sùn, yóò wo iṣẹ́ ti ọ̀la, yóò sì di àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo dúró tì í. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jókòó sí ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà, mo kàn ń bi í láti inú iyàrá kejì pé, "Ṣé o ti dì í?" Bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìrìn náà ni: a ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, a ó sì fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òbí tí ó bá ń di àpò ọmọ fún un títí dé kíláàsì kẹta ti pa á lára, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní.

Èkejì ni ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá mọ Festac mọ̀ pé gbogbo èdè ni ó pàdé níbẹ̀. Ní ojúlé tiwa, Yorùbá wà, Ìgbò wà, Ẹ̀dó wà, Ìbìbíò wà. Ìyá wa ṣe ìwádìí, ó sì gbọ́ pé ọmọkùnrin kan láti ìdílé Ìgbò kan, tí ilé wọn kò ju ojúlé mẹ́ta lọ sí tiwa, wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú àbúrò mi. Oṣù mẹ́ta ni àwọn méjèèjì ti ń gba ọ̀nà kan náà kọjá láìbá ara wọn sọ̀rọ̀! Ìyá wa di ẹ̀wà kóńgò kan, ó lọ kí ìyá ọmọ náà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ti ń rìn lọ, tí wọ́n sì ń rìn bọ̀. Ohun tí ọ̀kan kò bá kọ tán, èkejì ti kọ ọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí olùkọ́ àti èmi kò lè ṣe, ọmọdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni mo kà sí jù, òun náà ni ó sì kan àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè. Ní alaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, àbúrò mi yóò sọ ohun kan tí a kọ́ ọ ní ọjọ́ náà fún ìyá wa ní èdè Yorùbá. Ìyá wa kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Ó ní kí ni òun mọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ní girama? Mo dá a lóhùn pé nítorí pé ẹ kò mọ̀ ọ́n gan-an ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá wa ń ṣa ẹ̀wà. Àbúrò mi dìde, ó ka ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ gbọnrangandan bí ẹni ń ka àkọ́sórí, pé báyìí-báyìí ni habitat. Ìyá wa ní, "Kí ni ìyẹn?" Ó tún un kà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ohùn líle kún un. Ìyá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi, n kò di odi. Ohun tí ó jẹ́ ni mo ń bi ọ́." Ọmọ dákẹ́. Nígbà náà ni ìyá wa bi í pé, "Ẹja àrọ̀ tí à ń rà lọ́jà, níbo ló ń gbé?"

"Inú omi ni, Màmá."

"Omi òkun?"

"Rárá o, omi àbàtà, inú ẹrẹ̀."

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Orí igi."

"Kí là ń pe ibi tí ohun kan ń gbé?"

Ó ní, "Ibùgbé." Ojú rẹ̀ sì là. "Áà! Ibùgbé náà ni wọ́n ń pè ní habitat!" Kò tún gbàgbé rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Bákan náà ni ìṣirò. Nígbà tí wọ́n dé orí iye tí ó kéré sí òdo, kò yé e bí ohun tí kò sí ṣe tún lè dín. Ìyá wa mú ìwé gbèsè rẹ̀ jáde. Ó fi ibi tí oníbàárà kan ti jẹ gàrí kóńgò mẹ́ta hàn án. Ó ní, "Bí ó bá mú owó kóńgò márùn-ún wá lónìí, mélòó ni yóò rù lọ sílé?" Ọmọ ní, "Méjì." Ìyá wa ní, "O ti mọ̀ ọ́n nìyẹn." Àwa Yorùbá tí à ń pe 45 ní àádọ́ta ó dín márùn-ún, kí ni ó yẹ kí ó ṣòro fún wa nínú ohun tí a ń dín?

Kì í ṣe pé mo ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ èdè lásán. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ wọn lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn pé àwọn ọmọ náà yóò kọsẹ̀ bí wọ́n bá dé girama. Wọn kò kọsẹ̀. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọn kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìlú tí à ń gbé yìí tìkára rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ láti fi gba àlejò àjọ̀dún FESTAC tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ijó àti ìlù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó jíròrò níbẹ̀, àkòrí ìjíròrò wọn sì ni ọ̀làjú ènìyàn dúdú àti ẹ̀kọ́. Èdè ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí a máa kọ́ èdè Yorùbá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè bá ọmọ jókòó lálẹ́.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ, òun ni ó sì wúwo jù. Nígbà tí àṣà alẹ́ yìí ti mọ́ wa lára, ìyá wa fi ìbéèrè tirẹ̀ kún un. Kì í ṣe ìbéèrè ìwé. Ó máa ń bi ọmọ náà pé, "Ta lo bá jẹun lónìí?" Ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ní òun kò jẹun. Ní ọjọ́ kẹrin, omi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan láti kíláàsì òkè ni ó ń gba owó oúnjẹ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé bí ó bá fọhùn, yóò rí i. Láti oṣù kọkànlá ni ó ti ń fi ebi jókòó ní kíláàsì. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ mi: kò sí ìwé àbájáde tí ó lè sọ èyí fún òbí. Ipò kọkànlélọ́gbọ̀n ni ó kọ, kò kọ ebi.

Ìyá wa kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fi àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò, ó wọ aṣọ dáadáa, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀, ó sì béèrè olùkọ́ tí ó ń ṣe àkóso kíláàsì ọmọ rẹ̀. Ó kí i, ó dárúkọ ọmọ, ó sọ ohun tí ó gbọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ojú sí i." Olùkọ́ náà jẹ́wọ́ pé òun kò tilẹ̀ tíì fi orúkọ mọ ojú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí ó ti mọ̀ ọ́n tán, ó ṣe ohun tí ó yẹ. Wọ́n pe àwọn ọmọ mẹ́ta náà àti òbí wọn. Ó mú àbúrò mi wá jókòó sí iwájú, níbi tí yóò ti rí pátákó dáadáa. Olùkọ́ tí kò mọ ọmọ ní àná di ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹnì kan láti ilé lọ fi í hàn án.

Ní òpin ọdún, àbúrò mi ṣe ipò kẹrìnlá. Kò padà sí ipò kẹta, iṣẹ́ ajé sì ń dà á láàmú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ pé, ó ń jẹun, ó sì ń fi ẹ̀rín lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá wa kò dárúkọ kíláàsì kẹfà mọ́. Owó ìyá wa wà níbi tí ó wà, ó sì ti bá onílé ṣọ́ọ̀bù kan sọ̀rọ̀.

Àwọn òbí kan wà tí kì í fi ọmọ sílẹ̀ rárá. Àṣejù ni ti àwọn yẹn. Bí ọmọ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, lẹ́sìnnì ni. Bí ó bá ti lẹ́sìnnì dé, olùkọ́ mìíràn ń dúró nílé. Nígbà wo ni ọmọ náà yóò rí ẹni sọ̀rọ̀ fún? Àwọn mìíràn a máa fa ọmọ láti kíláàsì karùn-ún bọ́ sí girama, kí wọ́n lè sọ pé ọmọ wọn yára. Ọmọ tí kò tíì gbó yóò wà láàárín àwọn tí ó jù ú lọ, ní àkókò tí ara àti ọkàn rẹ̀ ń yí padà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí jù. Àwọn òbí wa ń wá oúnjẹ; ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì dé ibi tí àwọn àbúrò wa ń lọ yìí. Àwa ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Bí a bá lọ sílé ní ìsinmi, kí a má ṣe jókòó ti fóònù wa nìkan. Kí a pe ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama, kí a wo ìwé rẹ̀ bóyá ó pé, kí a bi í pé ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí a sì ní kí ó sọ ohun kan fún wa ní èdè tí ó fi ń lá àlá. Wákàtí kan kò ní gbà wá. Àwọn baba wa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Aṣọ tuntun dára, bàtà dúdú dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí ọmọ mọ̀, bí ó ti ń wọ ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ lọ, pé ẹnì kan wà nílé tí yóò bi òun léèrè lálẹ́, tí yóò sì dúró gbọ́ èsì.